Àwòdì Méje Lórí Ilé Agogo

Bí mo bá gbóòórùn ìgbẹ́ àdán níbikíbi títí dòní, orúnkún mi méjèèjì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ọkàn mi tó rántí ìdí rẹ̀. Òórùn ilé agogo ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ ni: ìgbẹ́ àdán, okùn àtijọ́ tí òógùn ọwọ́ ti mu yó, àti pákó tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti yan gbẹ. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ aránṣọ kan ní àdúgbò Tokpota, irùngbọ̀n mi ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì gbà pé kò sí ọkùnrin kan láti etí ọ̀sà títí dé Kraké ní ẹnubodè tó láyà tó mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà tí a fi ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló dá mi padà sílé ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ̀ pé mo feelì. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó yege.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo ń bẹ̀rù ibi gíga. Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Bí ọ̀gá mi bá ní kí n gun àga láti so aṣọ kọ́ sókè, ọwọ́ kan ni mo fi ń so ó, ìkejì á di férésé mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Mo máa ń sọ pé ooru ló ń mú òyì kọ́ mi. Nínú ọyẹ́ pàápàá, ooru náà ni mo ń dá lẹ́bi.

Olùkọ́ àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mẹ́tírì, bí a ti ń pe àwọn olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ tí ooru sì jókòó sórí ìlú bí ìdérí ìkòkò, Mẹ́tírì á gun òkè ilé agogo láàárọ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí di ọ̀sán. Àwòdì ló ń kà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àwòdì yẹn máa ń bá wa gbé, tí wọ́n á máa gbé wa lọ́mọ adìẹ. Bí òjò bá ti ń súnmọ́lé, wọ́n á ṣí, wọ́n á gba orí ìlú kọjá lọ sí ìhà àríwá. Mẹ́tírì ń kọ iye wọn sínú kàyé kan, ìwé àkọsílẹ̀ tó fi aṣọ dì, ojú ewé kan fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kíyè sí i pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ lákọ̀ọ́kọ́, títí di ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run á kún fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, òjò tí kì í yẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó dé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí iye wọn lójúmọ́ bá ti tó igba, Mẹ́tírì á fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá á sì lọ gbin àgbàdo. Kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan. Àwọn ìyá tó jẹ́ mùsùlùmí ní àdúgbò náà máa ń rán ọmọ wá wo pátákó yẹn, wọ́n á ní, “Lọ wò ó wá bóyá àwòdì Mẹ́tírì ti lọ.”

Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí mo ń sọ yìí, orúnkún Mẹ́tírì wú, kò lè gòkè, kò sẹ́ni tó ka nǹkan kan. Òjò ẹlẹ́tàn kan sì rọ̀. Ìyá mi, tó ní oko kékeré kan lẹ́yìn Tokpota, gbin gbogbo àgbàdo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò náà. Wọ́n hù, wọ́n ga tó ìka ọwọ́, oòrùn wá jó wọn dà bí irun orí àgbà. Gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀gẹ́ la jẹ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ la jẹ lálẹ́, a sì ń dúpẹ́. Irúgbìn tó ṣẹ́kù kò ju ìdì méjì lọ, ìyá mi so wọ́n kọ́ òkè ààrò kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀. Bí a bá ń jẹun, ojú rẹ̀ máa ń lọ síbẹ̀. Bí ìdì méjì yẹn bá tún jóná sínú ilẹ̀, kò sí nǹkan tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Mẹ́tírì fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, “Orúnkún mi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú mi náà sì ti ń tẹ̀lé e. Mo ń wá ọ̀dọ́ kan tó ríran, tí kò sì bẹ̀rù òkè.”

Gbogbo àwa ọ̀dọ́ wo ilẹ̀. Èmi tilẹ̀ rí nǹkan pàtàkì kan lára bàtà mi. Ìyá mi ló dáhùn láti àárín àwọn obìnrin: “Ọmọ tèmi wà ńbẹ̀, Mẹ́tírì. Òun náà ló gun igi àgbọn tó ga jù ní Kraké lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá.”

Òótọ́ ni pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òótọ́ ni pé ẹnì kan gun àgbọn náà. Wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Èmi tí n kò tíì kúrò nílẹ̀ rárá, gbogbo ìjọ ti ń wò mí.

Mẹ́tírì fún mi ní èkùrọ́ mẹ́wàá nínú àpò aṣọ kan. Ó ní, “Má fi ìka kà á, ìka máa ń ṣìnà. Bí o bá ti ka ogún, mú èkùrọ́ kan kúrò lápò òsì sí àpò ọ̀tún. Ọjọ́ tí àpò òsì bá ṣófo, igba pé.” Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ kan itan mi. “Gbọ́ o. Àwòdì tó ń lọ kì í wẹ̀yìn. Èyí tó bá yí po, ti ìlú ni, má kà á. Nítorí náà, òkè pátápátá ni kí o dé, kí o lè rí iwájú, kí o rí ẹ̀yìn.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Etí mi kò ní àléébù kankan.

Baba alágogo ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ègùn ni, ó gbọ́ Nàgó, èdè tiwa, dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ọ́ lọ́ra lọ́ra bí ẹni tó ń ṣa egungun kúrò lára ẹja. Ó mú mi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ní, “Ọmọ Nàgó, àtẹ̀gùn á gbé ọ dé ìdí agogo. Láti ibẹ̀, àkàbà ni. Ọ̀pá mẹ́rìnlá ló ní. Ìkọkànlá ń mì. Má fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.”

Mo bi í pé ṣé ẹnì kan ti jábọ́ níbẹ̀ rí.

“Rárá,” ni ó wí. Ó fín áṣáà rẹ̀ tán kó tó fi kún un pé, “Kò tíì sí.”

Mo gun àtẹ̀gùn náà, ó dà bíi pé ògiri ń sún mọ́ ara wọn bí mo ti ń lọ. Ní ìdí agogo, àwọn àdán so rọ̀ sára igi àjà, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń wò mí. Mo dé ìdí àkàbà. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀pá kìíní, mo gbé e lé ìkejì, mo wá wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi. Láàárín pákó tí mo dúró lé, ihò kan wà tí okùn agogo gbà kọjá; nínú ihò yẹn ni mo ti rí orí Baba alágogo nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò ju èkùrọ́ kan lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá méjì yẹn pẹ̀lú ìṣọ́ra ẹni tó ń ti òkè Ìdáàṣà bọ̀.

Férésé kékeré kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ọ̀sà. Mo jókòó tì í. Bí mo ṣe jókòó báyìí, àwòdì kan ti ọwọ́ ọ̀sà bọ̀, ó na ìyẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, ó gba òkè orí mi kọjá sí ìhà àríwá. Mo ní, “Ọ̀kan.” Kò pẹ́, òmíràn dé. Mo ní, “Èjì.” Mo wá bi ara mi léèrè pé, kí ni mo tún ń wá lórí àkàbà? Àwòdì tó bá wọlé láti iwájú, ibo ló tún fẹ́ gbà jáde bí kò ṣe ẹ̀yìn? Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó yára gba irọ́ gbọ́ tó ẹni tó ń pa á fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní yẹn, èkùrọ́ mẹ́ta ló bọ́ sí àpò ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin àti díẹ̀. Mẹ́tírì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kàyé lórí ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ tí ó ti ń funfun kọjú sí mi bí ẹni tó ń gbóòórùn ọ̀rọ̀.

“Ṣé o rí i pé wọ́n kọjá ìlú lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mẹ́tírì.”

“Afẹ́fẹ́ òkè ńkọ́, ṣé ó le?”

“Ó le díẹ̀,” ni mo wí, èmi tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ irun kan lára mi.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì gún régé bí ti ìwé tí wọ́n tẹ̀. Nílé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja kún oúnjẹ mi. Ó ní ẹni tó ń gòkè kò gbọdọ̀ gbé ikùn òfìfo lọ. Mo jẹ ẹja náà.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ti ń lọ, iye yẹn ń ga sí i, èmi náà sì ń fẹ́ kó ga, nítorí ọjọ́ tó bá pé igba ni iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìpayà kan wà lára mi nígbà gbogbo tí mo bá wà lókè yẹn: pé Mẹ́tírì á ní kí Baba alágogo gòkè wá wò mí, pé ẹnì kan á dúró níta, á sì bi ara rẹ̀ pé èéṣe tí orí mi kò fi yọ lókè. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń sáré di àkàbà mú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi mọ àkàbà yẹn dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjà ńlá bọ́ sí i, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà dá iná púpọ̀, èéfín ẹja gba ojú omi. Àwòdì ń wá, wọ́n ń wá, n kò ráàyè fọn ikun. Kó tó di ọ̀sán, àpò òsì mi ṣófo. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, “Mẹ́tírì, igba pé.” Baba àgbà yẹn pa kàyé rẹ̀ dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú ẹfun wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi tú ìdì kan nínú méjì kúrò lókè ààrò. Ó yín àgbàdo náà sínú agbada, ó da omi lé e kí ó lè tètè hù. Àgbàdo tí a bá ti rẹ, kò sí àtúnrò mọ́. Ilẹ̀ ni tàbí ọlọ. Àwọn obìnrin mẹ́rin kan wá bá a sọ ọ́ pé àwọn náà á jáde lọ́la, lẹ́yìn tó bá ta àkàrà àárọ̀ rẹ̀ tán, kí wọ́n lè jọ rìn. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kí a tilẹ̀ ní sùúrù ọjọ́ méjì sí i?” Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi ló kà á.”

Mo sùn bí ọba lóru yẹn. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù bí mo bá rántí.

Ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tún gòkè, nítorí Mẹ́tírì ní a gbọ́dọ̀ máa kà títí tí wọ́n á fi dín kù. Oòrùn ti yọ dáadáa. Mo jókòó sídìí férésé mi, mo na ẹsẹ̀ bí onílé. Àwòdì àkọ́kọ́ dé, ó fò sún mọ́ mi gan-an, mo sì rí i pé ìyẹ́ méjì ti já kúrò ní apá òsì rẹ̀. Àlàfo kan wà níbẹ̀ bí ẹnu ọmọdé tí eyín rẹ̀ yọ. Mo ní, “Ọ̀kan.” Mo ka mẹ́fà mìíràn. Ìkẹjọ dé. Àlàfo wà ní apá òsì rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé àwòdì méjì lè jọra. Èèyàn méjì pàápàá máa ń jọra. Mo tún ka mẹ́fà. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún fò wá láti ojú èéfín ẹja, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó yí orí sí mi bí ẹni tó fẹ́ kí mi, ó sì fi apá òsì rẹ̀ hàn mí.

Mo gbé èkùrọ́ mẹ́wàá náà síwájú mi, mo ń wò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ka ẹyẹ méje. Èéfín ẹja ló ń fà wọ́n, wọ́n á kọjá lórí mi, wọ́n á yí po lẹ́yìn ilé agogo níbi tí ojú mi kò dé, wọ́n á sì padà wá kí mi. Àgbàdo ìyá mi sì wà nínú omi.

Ṣùgbọ́n ojo kì í tètè gbà. Mo ní bóyá mélòó kan ń lọ lóòótọ́ láàárín wọn. Bóyá ọ̀run kún lẹ́yìn mi. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀, àfi kí n gòkè. Wọ́n ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹ̀fúùfù tó ta èmi nídìí lọ́jọ́ yẹn, inú agbada ìyá mi ló ti wá.

Mo di àkàbà mú. N kò wo ilẹ̀. Mo ń ka ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni ń ka àwòdì: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ní ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí orin. Ní ìkẹjọ, mo fi eyín di ẹ̀wù mi mú, n kò mọ ohun tí mo rò pé ìyẹn á ṣe. Nígbà tí mo dé ìkọkànlá, mo rántí pé ó ń mì, mo sì rántí pé n kò lè fò ó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ewúrẹ́. Àdán kan fò kọjá létí mi, mo sì gbàdúrà kan tí n kò lè kọ síbí, nítorí ìlérí tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, n kò sì tíì mú ìdajì ṣẹ. Lẹ́yìn náà, orí mi kan ìlẹ̀kùn òkè, mo tì í, ìmọ́lẹ̀ bò mí lójú.

Mo fi ikùn wọ́ jáde, mo di irin etí òkè náà mú. Ọ̀run funfun, ó ṣófo láti ìhín títí dé òpin. Kò sí àwòdì kan tó ń lọ sí àríwá. Àwọn méje náà nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ń yí ilé agogo po láti èéfín ẹja dé orí ọjà, láti orí ọjà dé èéfín ẹja, bí ọmọ tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Mo wá wo ọ̀nà Tokpota. Obìnrin márùn-ún ń tò tẹ̀ léra, agbọ̀n lórí. Èyí tó ṣíwájú ró ìró pupa. Èmi ni mo gbá etí ìró náà fún ìyá mi. Mo pariwo, mo ké sí i, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè tí mo ti ń purọ́ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan wá dé lóòótọ́, ó gba ohùn mi lẹ́nu mi, ó gbé e lọ sí ọ̀sà. Bí wọ́n bá yà sí ọ̀nà oko, ó parí nìyẹn.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé mo bá ara mi nídìí agogo, okùn wà lọ́wọ́ mi, mo sì fà á.

Nílùú wa, agogo tó bá dún láìtó àsìkò, òkú ló ń kéde. Ẹni tó ń lọ oko á yíjú padà, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi irúgbìn sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ tí òkú ṣẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fà á. Àwọn àdán tú jáde bí èéfín, etí mi di, mo ń fà á, mo ń sunkún, títí Baba alágogo fi gun àtẹ̀gùn dé tó já okùn gbà lọ́wọ́ mi.

“Ọmọ Nàgó, ta ló kú?”

Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó mú mi sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé ọ̀fọ̀ ńlá ló ṣẹ̀ mí.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn ti kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́tírì dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Àwọn obìnrin márùn-ún náà dé, wọ́n ń mí hẹlẹ. Agbọ̀n ìyá mi wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

“Ta ló kú?” ni ìyá mi bi mí.

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá.”

“Bí kò bá sẹ́ni tó kú, ta ló fẹ́ kú?”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: férésé, àkàbà, àwòdì alálàfo. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà péré ni, ẹyẹ abìyẹ́-jíjá kan ló sì bá a. Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ó tún dákẹ́. Ìyá mi sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó tò ó síbi tó tẹ́jú. Ó ní, “Àgbọn Kraké ńkọ́?”

“Ẹlòmíràn ló gùn ún. Èmi ni mo bá a di ẹ̀wù rẹ̀ mú.”

Mẹ́tírì ló sọ̀rọ̀. Mo ti ń retí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ó jókòó lórí àpáta ẹnu ọ̀nà, ó ṣí kàyé rẹ̀.

“Lónìí, ṣé o dé òkè pátápátá?”

“Mo dé ibẹ̀, Mẹ́tírì.”

“Mélòó lo rí?”

“Méje. Ti ìlú ni gbogbo wọn.”

Ó fi rúlà fa ìlà gba orí gbogbo iye tí mo ti mú wá, láti ọjọ́ kìíní títí dé igba. Lábẹ́ wọn ló wá kọ méje sí. Ó fẹ́ ẹnu sí i kí tàdáwà náà lè gbẹ, ó ní, “Èyí ni iye àkọ́kọ́. Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò sí kíkà. Wá lọ́jọ́ Ajé.”

Àgbàdo tí a ti rẹ sómi di ògì. A mu ògì láàárọ̀, a fi ògì dá ẹ̀kọ jẹ lálẹ́, ìyá mi á gbé tèmi kalẹ̀ níwájú mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan, n kò sì jẹ irú oúnjẹ tó le gbé mì bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹja kò sí nínú rẹ̀. Ìdì kan ló kù lókè ààrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo ti fẹ́ jáde, ìyá mi pè mí padà. Ó na ọ̀já kan sí mi, ọ̀já àtijọ́ tó ti ṣá. Ó ní, “Òun ni mo fi pọ̀n ọ́. Kò já nígbà yẹn. Fi so ara rẹ mọ́ irin òkè.” Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ lọ́sẹ̀ náà. Baba alágogo rí i lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ọmọ Nàgó, ta ni yóò wá pọ̀n ọ́ lókè?” Ṣùgbọ́n ó ti kan ọ̀pá kọkànlá náà ní ìṣó tuntun méjì.

Lójoojúmọ́ ni mo ń gòkè. Ẹ̀rù kò dín kù. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ènìyàn bá ti ṣe nǹkan náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù á lọ. Mo ń dúró dè é síbẹ̀. Mo ń so ọ̀já mọ́ irin, mo ń so ó mọ́ ìbàdí, mo ń mú iye kékeré wá sílẹ̀: márùn-ún, mọ́kànlá, kò sí rárá. Mẹ́tírì ń kọ wọ́n. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń bi mí pé ẹyẹ mi ńkọ́. Òjò ẹlẹ́tàn kan tún rọ̀ láàárín rẹ̀. Àwọn kan ní àdúgbò mìíràn gbin tiwọn. Ìyá mi dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ tútù, ó wo òkè ààrò, ó tún wò mí. Mo ní, “Wọn kò tíì lọ, Ìyá.” Ó padà wọlé. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún ṣì í lọ́tẹ̀ yìí, ebi á mọ ilé wa ní orúkọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, oòrùn jó tàwọn tó gbìn.

Ní ọjọ́ kọkànlá láti ìgbà tí mo lu agogo, afẹ́fẹ́ yí padà láàárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọ̀já tán ni mo rí àmì kan lórí ọ̀sà, bí ìgbà tí ata gígún bá dà sórí aṣọ. Ó ń gòkè, ó ń fẹ̀. Wọ́n dé orí mi láìdún. Apá wọn nà, wọn kò jù ú, afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn. Mo ka ogún, mo mú èkùrọ́ kan. Mo yíjú wo ẹ̀yìn: wọ́n ń lọ, wọ́n ń kéré sí i lórí òrùlé Àjàṣẹ́, kò sí ọ̀kan tó yí po. Mo tún ka ogún. Irin tí mo so mọ́ ń mì, ilé agogo pàápàá dà bíi pé ó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, mo gbé ojú sókè, mo sì ń kà. Àpò òsì ṣófo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó èkùrọ́ láti ọ̀tún padà sí òsì. Mo ti kó mẹ́fà kí ojú ọ̀run tó mọ́. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ìró pupa kan dúró, orí rẹ̀ kọ sókè.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọ̀já náà ṣì wà níbàdí mi. Mẹ́tírì ní mélòó. Mo ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún. Kò kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó yíjú sí ìyá mi, kí òun fúnra rẹ̀ béèrè.

“Òkè pátápátá?” ni ìyá mi wí.

“Òkè pátápátá ni, Ìyá.”

“O wẹ̀yìn?”

“Mo wẹ̀yìn.”

Ó lọ sílé. Kò rẹ àgbàdo náà sómi. Ó ní kò sáyè mọ́. Mo bá a gbé ọkọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìdì tó kẹ́yìn ti wà nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà gbẹ, ọ̀run sì mọ́ gaara, kò sí ìkùukùu kan tí ènìyàn lè fi tan ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni n kò fi lè gbé oúnjẹ mì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, a gbọ́ òjò lórí páànù ilé kejì kó tó dé tiwa. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò dìde, kò wo ìta. Ó kàn ní, “Wá jẹun.” Ẹja wà nínú rẹ̀.

Mẹ́tírì ti lọ tipẹ́, ìyá mi náà ti lọ. Ọwọ́ mi ni kàyé náà wà, ọ̀já náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpótí. N kò gun àkàbà mọ́. Ọmọ mi kọ́ ilé alájà kan, yàrá ìsàlẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fún mi, mo sì ń sọ fún àwọn àlejò pé orúnkún ni. Ṣùgbọ́n ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń gbé àga síta, mo ń wo òkè. Bí àwọn ọmọ bá ní kí n ṣí kàyé fún àwọn, wọ́n máa ń wá iye tó pọ̀ jù, wọ́n á fi ìka tọ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún yẹn, wọ́n á ní, “Bàbá, èyí ni ẹ kà?” Mo ní èmi ni. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń mú ìka wọn sókè díẹ̀ lórí ojú ewé náà, mo gbé e kọjá àwọn iye tí kò pọ̀, títí a ó fi dé abẹ́ àwọn ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, níbi tí méje dá dúró sí. Wọ́n á ní kí ló dé, ó kéré. Mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Èyí tó nira jù láti kà nìyẹn.